Omi Tí Ẹni Ìkẹyìn Fi Ń Fọwọ́

Limawa, Minna.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ gbà á, ó sì ti ka ìdajì rẹ̀ kí ó tó rántí pé èmi ni o kọ ọ́ sí. Inú wa dùn pé o ríṣẹ́ tíṣà, pé iléèwé náà kò sì jìnnà sí ilé ọkọ rẹ ní Bosso. Àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ni wọ́n kó lé ọ lọ́wọ́, o ní wọ́n tún fi ètò ìmọ́tótó gbogbo iléèwé kún un. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Iṣẹ́ tí èmi náà ṣe nìyẹn títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, kò sì sí ẹni tó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ.

O ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ, gbogbo bí mo ṣe máa ń fi àwọn ọmọ ìwé kẹfà kọ́ àwọn kéékèèké ní ìmọ́tótó, nítorí pé orin nìkan lo rántí, àti àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń fi kẹ́tùlù da omi sí yín lọ́wọ́. O tún ní pé ní ìpàdé àwọn tíṣà lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, o máa sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló dá ètò náà sílẹ̀. Ibi tí mo kà dé nìyẹn tí mo ká ìwé náà, tí mo tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sùn lé e lórí, oorun náà kò sì tù mí lára.

Bosso kò jìnnà sí Limawa. Mo lè wọ ọkọ̀ wá bá ọ, fóònù tí o rà fún mi sì wà lórí tábìlì níbí. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí mo bá ń wo ojú rẹ, màá sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀fẹ̀, a ó jọ rẹ́rìn-ín, màá sì padà sílé láìsọ ọ́. Nítorí náà, jókòó kí o kà á dé ìsàlẹ̀. Ìmọ̀ràn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo fi ra èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìmọ̀ràn kìíní: má ṣe jẹ́ kí ọmọ méjì fọwọ́ nínú omi kan náà. Mo mọ̀ pé o ó ní ta ni kò mọ ìyẹn. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Bàbá mi tí o kò bá láyé, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Láti Ìkìrun ni wọ́n ti gbé e wá sí Minna. Yàrá méjì ni a ní nínú kọ́tà, ọmọ mẹ́fà ni wá, èmi sì ni àbíkẹ́yìn. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, bàsíà omi kan ṣoṣo ni yóò wá. Bàbá yóò kọ́kọ́ ṣanwọ́, àlejò yóò tẹ̀lé e bí àlejò bá wà, ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi àgbà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kàn mí. Nígbà tí ó bá fi máa kàn mí, gíríìsì rélùwéè á ti máa dán lójú omi. N kò fi ìgbà kan rò ó pé omi yẹn dọ̀tí. Ohun tí mo rò ni pé mo kéré, pé bí mo bá dàgbà, èmi náà á máa ṣáájú.

Àárò ilé yẹn ṣì ń sọ mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè wọlé, àwo á gbọ̀n lórí tábìlì, bàbá mi á yọ aago àpò rẹ̀ wò, á ní ọkọ̀ ti pẹ́. Kò sí ọjọ́ tí ọkọ̀ kì í pẹ́, kò sì sí ọjọ́ tí kì í yà á lẹ́nu. Ìyá mi á ní kí ó jẹun, kí ó fi ọkọ̀ ìjọba sílẹ̀. Àwa ọmọ á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ara wa lábẹ́ tábìlì. Ayé dùn, Fúnmi. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó wá sí mi lọ́kàn pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kò dára.

Nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo jẹ́ tíṣà jẹ́léósinmi, mo sì rò pé mo gbọ́n. Omi ṣòro ní iléèwé wa. Lọ́wọ́ màí rúwá tó ń fi ọmọlanke ti jẹ́ríkàn kiri ni a ti ń rà á, díẹ̀díẹ̀ ni a sì ń lò ó. Mo pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, mo fi ọmọ ìwé kẹfà kan ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní àkókò ìsinmi, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí abọ́ oúnjẹ, bàsíà omi kan àti ọṣẹ kan yóò dúró níwájú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n yóò kọ́kọ́ fọ tirẹ̀ kí àwọn àbúrò lè wò ó: àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná. Wọ́n á máa kọ orin tí mo fún wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó kù á wá tò, láti orí ẹni tó dàgbà jù dé orí ẹni tó kéré jù, bí a ṣe ń ṣe é nílé bàbá mi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun.

Ìwọ lo kéré jù nínú ọ̀wọ́ tìrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń ṣe ojúsàájú ọmọ mi, mo ní kí wọ́n máa fi ọ́ ṣe ìkẹyìn pátápátá, kódà bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá pẹ́ dé.

Rakiya ni olórí ọ̀wọ́ yín. O lè má rántí ojú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ lo máa ń wà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé. Ọmọ àgbàlá wa ni. Yàrá ìyá rẹ̀ ló dojú kọ tiwa, obìnrin Hausa tó ń gún fúrà, ọkà tí wọ́n ń pò mọ́ wàrà mu, tà fún gbogbo àdúgbò, tó sì ń sọ Yorùbá tó já gaara ju tìrẹ lọ nígbà náà. Ìwọ ò gbọ́ ju Hausa lọ, bí bàbá rẹ bá ní kí o wá, o ó ní “me?”, ìyẹn “kí ni?” ní Hausa, bàbá rẹ á sì figbe ta.

Lọ́jọ́ kan Rakiya dúró níwájú tábìlì mi, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, “Anti, ruwan ya yi datti.” Ó ní omi náà ti ń dọ̀tí kí ó tó kan àwọn kéékèèké. Mo ní ọṣẹ wà nínú rẹ̀, kí ó lọ jókòó. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, ó gbé kẹ́tùlù rọ́bà wá láti ilé, irú èyí tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá, tí gbogbo Minna ń pè ní bútà. Nígbà tí mo fi máa jáde síta, ìwọ ló kọ́kọ́ pè, ìwọ tó yẹ kí o kẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ, ó ń da omi sí ọ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, ìdọ̀tí ń bá omi ṣàn lọ sínú iyanrìn.

Ara mi gbóná. Ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀rẹ̀ fún àbúrò, àbúrò ń ṣáájú ẹ̀gbọ́n, lójú gbogbo iléèwé tí mo ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo já bútà náà gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ mi?” Mo ti bútà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì yọ Rakiya kúrò nípò olórí ọ̀wọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sunkún, kò sì janpata. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n máà bínú, ó padà sí kíláàsì rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru mú ìwọ àti àwọn mẹ́ta mìíràn nínú ọ̀wọ́ yín. Àwọn yẹn fúyẹ́, tìrẹ ló le. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ojú rẹ ti wọnú, ọrùn rẹ kò gba orí rẹ dúró mọ́. Bàbá rẹ gbé ọ sáyà, ó sáré dé ọsibítù, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Wọ́n fa omi sí ọ lára. Nọ́ọ̀sì bi mí ohun tí o jẹ, mo ní fúrà. Ó bi mí bóyá o máa ń fọwọ́ kí o tó jẹun, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lójú. Mo ní èmi ni mò ń kọ́ gbogbo iléèwé bí a ṣe ń fọwọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ara rẹ ti ń balẹ̀, mo fi bàbá rẹ tì ọ́, mo yà sí iléèwé. Mo dúró ti ọ̀wọ́ yín, mo wò wọ́n láti orí ẹni kìíní dé orí ẹni ìkẹyìn, ohun tí n kò tíì ṣe rí. Ọmọ tó ṣe ìkẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìgbẹ́ dé ni. Nígbà tí ó fi máa kan ẹni tó kéré jù, omi náà ti dúdú, ó ti ń yọ̀. Ọmọ náà ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀, ó ń kọ orin mi, kò fo ẹsẹ kan. Ó gbọn ọwọ́ nù, ó mú àkàrà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni mo tò wọ́n, èmi ni mo sì fi ọmọ tèmi sí ìdí omi yẹn lójoojúmọ́.

Mo da omi náà nù. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé bútà jáde. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di pé ẹni tó kéré jù ló ń ṣáájú, ẹ̀gbọ́n ló sì ń da omi. Ètò tí ìwọ rántí nìyẹn, Fúnmi. Rakiya ló ni ín. Èmi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn àlejò wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, tí wọ́n rí àwọn ọmọ ńlá tó ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n ní irú ọgbọ́n wo nìyí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Aago ògiri tó wà ní pálọ̀ wa, ohun tí wọ́n fún mi nítorí rẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó burú jù ni ti fúrà. Gbogbo àgbàlá ti gbọ́ lẹ́nu mi pé fúrà ìyá Rakiya ló fẹ́ pa ọ́, n kò sì padà lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni. Àwọn obìnrin wa ṣíwọ́ rírà. Igbá tó máa ń ṣófo kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n á gbé e wọlé nírọ̀lẹ́, ó ṣì kún. Ọdún yẹn ló yẹ kí Rakiya wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó sílé, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lọ sí Fadikpe, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ fúnra rẹ kì í mu fúrà títí dòní, o ní ara rẹ kì í gbà á. Ara rẹ gbà á dáadáa. Ẹ̀rù tí ìyá rẹ gbìn sí ọ nínú ni.

Mo ti sọ ọ́. Jẹ́ kí n mí díẹ̀, kí n fún ọ ní ìyókù tó fúyẹ́.

Bí o bá ń yan àwọn ọmọ ńlá tí yóò máa kọ́ àwọn kéékèèké, má wo ẹni tí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ń dán. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ onígbéraga tí kò fẹ́ kí ọṣẹ kan òun lára ni mo kó jọ. Wo ẹni tó ń gbé àbúrò pọ̀n nílé, tó lè bá ọmọ fun ikun imú láì ṣẹjú. Yunifọ́ọ̀mù Rakiya ní abulẹ̀ méjì.

Ikun imú ló rán mi létí. Mo ní áńkáṣíìfù kan nígbà náà tí mo fi ń nu imú gbogbo kíláàsì, láti orí ẹni kìíní dé orí ẹni ogójì, mo sì rò pé ìyá ọmọ gbogbo ni mí. Bí Àpólò ṣe wọ iléèwé, èmi ni ojú mi kọ́kọ́ pọ́n. Ọjọ́ mélòó kan ni bàbá rẹ fi ń pè mí ní iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀. Olúkúlùkù ni kó mú tirẹ̀ wá láti ilé, ẹni tí kò bá ní, kí o gé aṣọ àlòkù fún un. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ tán, kí wọ́n na ọwọ́ sókè kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á ní àwọn jẹ́ ẹyẹ.

Ìkẹta nìyí, àbí ìkẹrin, n kò kà á mọ́. Má dójú ti ọmọ nítorí ìdọ̀tí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo mú ọmọbìnrin kan tí làpálàpá wà lórí rẹ̀ jáde sí iwájú gbogbo iléèwé, kí àwọn yòókù lè rí i kí wọ́n sì bẹ̀rù. Kò wá ní ọjọ́ kejì, kò sì wá mọ́ láéláé. N kò mọ ẹni tó wo làpálàpá yẹn sàn, bí ẹnikẹ́ni bá wò ó. Bí o bá rí irú rẹ̀, jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kan sọ ọ́ sí i létí jẹ́jẹ́, kí ìwọ náà sì lọ bá ìyá rẹ̀ nílé. Ọmọ kékeré a máa gbọ́ lẹ́nu ọmọ tó jù ú lọ díẹ̀ ohun tí kò ní gbọ́ lẹ́nu tiwa. Ìdí tí ètò yìí fi dára nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí o bá fi iṣẹ́ lé ọmọ ńlá lọ́wọ́, gbọ́ ohun tó bá rí níbẹ̀. Ojú wọn ló wà nítòsí omi náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa àgbà la máa ń gbàgbé apá kìíní.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tíì pé ogún. Ọdún gbogbo yìí, bí mo bá rí ìyá Rakiya lọ́jà, mo máa ń kí i lókèèrè, n ó ṣe bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Lẹ́yìn ìwé rẹ, mo mọ̀ pé n kò lè kọ èyí sí ọ kí n tó lọ bá a. Lánàá, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Fadikpe.

Ó ti darúgbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò yí padà. Rakiya ti wà nílé ọkọ ní Bida, ó ti bí mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo dé, ó ní kí n jókòó, ó sì ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ìkankan pamọ́. Nígbà tí mo parí, kò gbójú sókè.

Ó ní, “Na sani, Màmá Fúnmi. Mo mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ gba bútà lọ́wọ́ Rakiya ló ti sọ fún mi.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò wí nígbà tí wọ́n ń ba òwò rẹ̀ jẹ́.

“Mo fẹ́ wí i. Mo ti da ìborùn bora, mo fẹ́ wá bá yín lójú gbogbo àgbàlá. Rakiya ló di ẹnu ọ̀nà mọ́ mi. Ó ní Anti ti gbé bútà jáde, àwọn kéékèèké ti ń fi omi tó mọ́ fọwọ́. Ó ní bí mo bá dójú tì yín, wọn ò ní gbọ́ tiyín mọ́, wọ́n á tún padà sínú bàsíà.”

Ọmọ ọdún méjìlá, Fúnmi. Mo fi ọdún mélòó kan ju ìyá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ náà tutù. N kò tètè lè dìde.

Kí Ọlọ́run fi ìfẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí sí ọ nínú, kí ó sì fún ọ ní etí. Ní ọjọ́ Ajé ìpàdé yẹn, bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló dá ètò yìí sílẹ̀, Rakiya ni kí o sọ. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé kí ni ìyá rẹ ṣe nínú rẹ̀, sọ ìyẹn náà fún wọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.